Ọjà Orí Fóònù: Kí Ni Ẹni Tí Ń Tà Jẹ Ẹni Tí Ń Rà?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún wa, tí ó sì ṣe owó èlé ní èèwọ̀. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), ẹni tí ó ti ṣòwò kí ó tó di òjíṣẹ́, tí àwọn ará Mẹ́kà sì ti mọ̀ sí olùfọkàntán kí ìmísí tó sọ̀ kalẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ilé-kéú máa ń gbé wá lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ó sì ti pọ̀ débi pé a kò lè máa fi gbólóhùn méjì dá a lóhùn mọ́. Wọn a ní: "Áfà, mo ń ta bàtà lórí fóònù. Bàtà náà kò sí lọ́wọ́ mi, àwòrán rẹ̀ nìkan ni mo ní. Ṣé owó tí mo ń rí níbẹ̀ mọ́?" Ẹlòmíràn a ní aṣọ ni òun ń tà, tàbí hìjáábù, tàbí òróró ìpara. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo rẹ̀: nígbà tí ẹni tí ń rà kò fojú rí ọjà, tí kò fọwọ́ kàn án, tí kò sì mọ ojú ẹni tí ń tà, kí ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ní agbègbè wa. Ìlú tí iléeṣẹ́ pọ̀ sí ni Ọ̀tà, láti ojú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta títí dé ojú ọ̀nà Ìdírókò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń wọ ẹnu géètì àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí ni kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń gba owó. Bí ẹ̀rọ bá dúró, owó dúró. Ẹni tí ó bá ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, tí kò sì lágbára àtigba ìsọ̀ ní Ṣàngó, fóònù ọwọ́ rẹ̀ ni yóò sọ di ìsọ̀. A kò lè bá a wí fún ìyẹn. Ẹni tí ó ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́ sàn ju ẹni tí ó jókòó tí ó ń ṣagbe lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo oníbàárà rẹ̀ náà. Òṣìṣẹ́ bíi tirẹ̀ ni. Ní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn kéde 77,000 náírà gẹ́gẹ́ bí owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù. Bí a bá fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n, bàtà kan tí a pè ní 15,000 náírà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún owó oṣù kan, kò sì dájú pé àwọn tí a ń sanwó ojúmọ́ fún ń rí tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí bàtà tí ó dé bá yàtọ̀ sí bàtà inú àwòrán, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ bí àwọn ọmọ ìgboro ti sọ ọ́ dà. Iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan ni ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan yẹn, tálákà ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó sì gbà á.

Ẹ jẹ́ kí á rántí bí òwò yìí ti ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká di ohun tí mẹ̀kúnnù Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í rí rà. Ní 2012, Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ sí í tajà lórí ẹ̀rọ ayélujára ní Èkó. Àwọn oníṣòwò yìí tètè rí i pé ará ilú kò ní fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀, ni wọ́n bá gbà kí oníbàárà máa san owó nígbà tí ọjà bá dé ọwọ́ rẹ̀. Konga bọ́ sí ọwọ́ iléeṣẹ́ Zinox ní 2018. Jumia wọ ọjà ìpín ìdókòwò New York ní oṣù Kẹrin ọdún 2019. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn ni púpọ̀ nínú òwò àwọn ọ̀dọ́ Ṣàngó ti ń ṣẹlẹ̀. Orí WhatsApp, Facebook, Instagram àti TikTok ni, níbi tí kò ti sí iléeṣẹ́ kankan láàárín ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà. Nígbà tí owó bébà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí alátà àti ọlọ́kadà pàápàá kọ́ bí a ti ń fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, ìlẹ̀kùn náà ṣí gbayawu. Nígbà tí 2024 sì ń parí lọ, ìpolówó Temu láti ilẹ̀ Ṣáínà gba ojú fóònù gbogbo wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òwò àìfojúkojú jẹ́ ohun tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Àwọn bàbá wa máa ń sọ fún wa pé láyé àtijọ́, àgbẹ̀ a kó iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, a wá to òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iye òkúta ni iye owó. Ẹni tí ń kọjá lọ a ka òkúta, a fi owó sílẹ̀, a gbé ọjà rẹ̀. Olówó ọjà kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀: nígbà náà, ẹni tí ń rà rí ọjà, ẹni tí ń tà ni ó fi ọkàn tán ẹni tí ń rà. Lónìí ó ti yí padà. Ẹni tí ń rà ni ó ń fi owó rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tí ó ń retí pé kí ọjà wá.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa náà ti bá irú rẹ̀ pàdé. Nínú ìwé Al-Muwatta tí Ìmáámù Málíkì kọ ní Mẹ̀dínà (ó kú ní ọdún 179 lẹ́yìn Híjírà, èyí tí í ṣe 795), orí kan wà lórí títa ọjà láti inú ìwé àkọsílẹ̀. Oníṣòwò yóò dé pẹ̀lú ẹrù aṣọ tí a ti dì. Kò ní tú ẹrù náà. Yóò ka ìwé tí ó kọ iye aṣọ, irú rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ sí fún àwọn tí ń rà, wọn yóò sì rà á lórí ohun tí ó kà. Orúkọ tí wọ́n ń pe ìwé yìí ni "barnāmaj". Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Lárúbáwá yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn Lárúbáwá ń lò lónìí fún ètò inú kọ̀ǹpútà.

Kí ni Ìmáámù Málíkì sọ nípa rẹ̀? Ó ní bí wọ́n bá tú ẹrù náà, tí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ bá ìwé mu, títà náà ti dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó rà á rí i pé ó wọ́n, tí ó sì kábàámọ̀. Bí kò bá bá ìwé mu, kò lè dúró lé e lórí. Inú gbólóhùn yìí ni a ti rí ìdáhùn wa. Ẹni tí ó bá tajà láti inú àpèjúwe, àpèjúwe yẹn ni ó tà. Kì í ṣe bàtà kan ṣá ni ó tà, bàtà tí ó wà nínú àwòrán ni ó tà, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti ohun tí a fi ṣe é. Ohun tí ó jẹ oníbàárà rẹ̀ nìyẹn, gbèsè sì ni títí yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú. Bí ó ti rí lójú kò rí bẹ́ẹ̀ nínú. Gààrí kún un dé etí, síbẹ̀ kò pé. Odidi Súrà kan ni Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ tí ó ń jẹ́ Al-Mutaffifīn, tí ó fi ìbínú Rẹ̀ kí àwọn tí ń gba ìwọ̀n tiwọn ní kíkún, tí wọ́n sì ń dín ti ẹlòmíràn kù. Ojú wa ni pé àwòrán ni kóńgò òde òní. Ẹni tí ó gba àwòrán bàtà awọ lórí ẹ̀rọ ayélujára, tí ó sì fi bàtà rọ́bà ránṣẹ́, ìdí kóńgò ni ó lù wọnú.

Àwọn kan a wí pé: "Áfà, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé a máa ń ṣe àwòrán lọ́ṣọ̀ọ́. Kò sí ẹni tí yóò pe ọbẹ̀ tirẹ̀ ní kíkan. Ìpolówó ọjà sì ni àgúnmu òwò." Òótọ́ ni, a kò sì fẹ́ le jù. Alágbàdo tí ó ń kígbe pé tòun ló dùn jù ní Ọ̀tà kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Kò sí ẹni tí ó fi owó rẹ̀ lé ìyẹn lórí. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí iye owó ọjà dúró lé: ṣé tuntun ni àbí tòkunbọ̀, ṣé awọ ni àbí rọ́bà, ṣé ojúlówó ni àbí ayédèrú, báwo ni ó ti tóbi tó. Bí a bá yí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí padà, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ mọ́. Láyé Ànábì (S.A.W.), àwọn kan kì í fún wàrà àgùntàn tàbí ràkúnmí wọn fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó mú un lọ sí ọjà, kí ọmú rẹ̀ lè kún kí ẹni tí ń rà lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń ṣe lójoojúmọ́. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ irọ́ kan jáde lẹ́nu. Ọmú ẹran náà kún lóòótọ́. Síbẹ̀ Ànábì kọ̀ ọ́ fún wọn, ó sì fún ẹni tí ó ra irú ẹran bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta láti pinnu bóyá yóò mú un tàbí yóò dá a padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìmọ́lẹ̀ fóònù sọ aṣọ tí ó ti ṣá di aṣọ tí ń dán, ẹ ronú lórí àgùntàn yẹn.

Ó kù sí ìbéèrè ẹni tí ọjà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ni ó le jù, nítorí pé òun ni ó pọ̀ jù láàárín yín. Ọmọ Ṣàngó kan yóò gba àwòrán ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Èkó, yóò fi 3,000 náírà lé e, yóò gbé e sí ojú WhatsApp rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sanwó, nígbà náà ni yóò sáré lọ rà á. Sàhábà kan, Hakīm ọmọ Hizām, ṣe irú òwò yìí gan-an. Àwọn ènìyàn a wá bá a pé àwọn fẹ́ ra ohun tí kò ní, òun a tà á fún wọn, a sì lọ rà á lọ́jà lẹ́yìn náà. Nígbà tí ó bi Ànábì (S.A.W.) léèrè, ó sọ fún un pé kí ó má ṣe ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni ó burú níbẹ̀? Ẹ wo ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀. Owó ti wọlé, ọjà ti tán lọ́wọ́ ará Èkó, tàbí owó rẹ̀ ti gbówó lé. Ẹni tí ó gba owó ti ná díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó wá di "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di ọ̀la", ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ó di kí a má gbé ìpè oníbàárà mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní ọlọ́ṣà orí fóònù kò bẹ̀rẹ̀ bí ọlọ́ṣà. Wọ́n ta ohun tí kì í ṣe tiwọn, àyè kò sì gbà wọ́n láti mú ìlérí ṣẹ.

Àmọ́ Ìsìláàmù kì í ti ilẹ̀kùn kan kí ó má ṣí òmíràn. Àwọn kan yóò tètè sọ pé "sàlámù" ni àwọn ń ṣe, ìyẹn títa ohun tí a óò fi jíṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú, bí àwọn ará Mẹ̀dínà ti ń san owó dàbínù sílẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì. Ẹ̀tọ́ ni sàlámù, ṣùgbọ́n ó ní òfin. Ìwọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ mímọ̀, ọjọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ mímọ̀, owó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ sísan níbẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé Ar-Risāla ti Ibn Abī Zayd al-Qayrawānī, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà ní ilé-kéú, a fẹ́ kí àkókò rẹ̀ tó ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bàtà tí o ní yóò dé lọ́túnla, tí oníbàárà yóò sanwó rẹ̀ nígbà tí ó bá dé, kò bá sàlámù tan.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí ẹ di aṣojú. Lọ bá ẹni tí ó ni ọjà, kí ẹ jọ fẹnu kò pé ìwọ yóò máa bá a wá oníbàárà, pé iye báyìí ni làádà rẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjà jẹ́ tirẹ̀, ìwọ jẹ́ alágbàtà, oníbàárà sì mọ̀ pé alágbàtà ni ọ́. Kò sí ohun ìtìjú nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń sá fún ni pé kí oníbàárà má mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ni wọ́n ni ìsọ̀. Wọ́n fẹ́ kí a máa pè wọ́n ní ọ̀gá iléeṣẹ́. Ìgbéraga kékeré yìí ni ó ń sọ owó tí ì bá mọ́ di owó tí ó ń kan ọkàn lóminú.

Ìwé Ar-Risāla yìí kan náà tún sọ ohun kan tí a rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ "ẹ kọ́kọ́ sanwó" sí abẹ́ àwòrán mọ̀. Ó gbà kí á ra ohun tí kò sí níwájú wa láti inú àpèjúwe. Ṣùgbọ́n kò gbà kí á sọ sísan owó ṣáájú di túláàsì, àfi bí ibi tí ọjà náà wà bá súnmọ́, tàbí bí ó bá jẹ́ ohun tí kì í tètè yí padà, bí ilé tàbí ilẹ̀. A mọ̀ pé ẹni tí ń tà náà ní ìbẹ̀rù tirẹ̀. Bí ọjà bá wà ní Ṣàngó tí oníbàárà wà ní Ìjókò, a kò rí ohun tí ó burú bí o bá gba owó ṣáájú. Bí ó bá jìnnà, gba owó ọlọ́kadà nìkan ṣáájú, kí owó ọjà dúró di ìgbà tí ó bá fojú rí i.

Nípa ìpolówó, ohun méjì péré. Èkíní ni ẹ̀rí èké. Àwọn kan a fi fóònù kejì kọ̀wé sí ara wọn pé "ọjà yín dára gan-an", wọn a ya àwòrán rẹ̀, wọn a gbé e síta bí ẹni pé oníbàárà ló kọ ọ́. Ànábì (S.A.W.) ti kọ̀ "an-najash" fún wa, ìyẹn kí ẹni tí kò fẹ́ rajà máa ná an lówó iyebíye kí ẹlòmíràn lè rò pé ó níye lórí. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì. Èkejì ni fífi iye owó pamọ́, tí a ó ní kí oníbàárà wá bá wa ní ìkọ̀kọ̀. Ìnájà kì í ṣe èèwọ̀, àṣà wa ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ torí kí o lè wo ẹni tí kò mọ iye owó ọjà kí o sì fi ìlọ́po méjì bù ú ni, rántí pé a kọ̀ fún àwọn ará Mẹ̀dínà láti lọ pàdé àwọn oníṣòwò lẹ́yìn ìlú kí wọ́n tó mọ ohun tí ọjà ń lọ.

Àwọn ọ̀gá ìpolówó tí ó ga ju tiwa lọ náà ní ẹjọ́ tiwọn. Ní oṣù Keje ọdún 2024, àjọ FCCPC tí ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, tí ó ni Facebook àti WhatsApp, lórí bí ó ti ń lo ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ilé-ẹjọ́ tí ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Kí ẹ̀yin náà má sì máa kó nọ́ńbà oníbàárà sínú ẹgbẹ́ WhatsApp láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá jù lọ nọ́ńbà àwọn arábìnrin wa.

Ẹni tí ń rà náà kì í ṣe mọ̀láíkà. Àwọn kan a pè ọjà wá láti Ṣàngó dé Átàn, ọlọ́kadà a dé ẹnu ọ̀nà wọn, wọn a pa fóònù. Àwọn kan a fi àtẹ̀jíṣẹ́ èké han ẹni tí ń tà pé owó ti wọlé. Olè ni ìyẹn, kò ní orúkọ mìíràn.

Nígbà tí ọjà bá wá yàtọ̀ sí àpèjúwe, ta ni yóò san owó ọlọ́kadà àlọ àti àbọ̀? Lójú tiwa, ẹni tí ó tà á ni, nítorí àpèjúwe rẹ̀ ni ó gbé gbogbo ìrìn-àjò yẹn dìde. Òfin ìjọba pàápàá, èyí tí a ṣe ní 2018 lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà, gbà kí ẹni tí kò láǹfààní àtiyẹ ọjà wò ṣáájú dá a padà bí kò bá bá àpèjúwe mu. Bí ó bá bá àpèjúwe mu, tí oníbàárà kàn yí ọkàn padà, òun ni yóò san án, ẹni tí ń tà kò sì jẹ ẹ́ ní túláàsì láti gba ọjà padà. Bí ó bá gbà á, àánú ni ó ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀rọ̀ àgùntàn tí ọmú rẹ̀ kún. Nígbà tí Ànábì (S.A.W.) fún ẹni tí ó rà á ní àyè láti dá a padà, ó ní kí ó fi òṣùwọ̀n dàbínù kan tẹ̀lé e, nítorí wàrà tí ó ti fún mu. Ẹni tí ó tà á ni ó jẹ̀bi, síbẹ̀ a kò jẹ́ kí wàrà rẹ̀ lọ lásán. Arábìnrin tí ó wọ aṣọ tí kò bá àwòrán mu lọ síbi ìsoyìgì ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí ó wá fẹ́ dá a padà lọ́jọ́ Ajé kí ó gba gbogbo owó rẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà. Ṣùgbọ́n ó jẹ dàbínù.